Ṣílè Kan fún Èpè Kan: Ọtí, Ẹnu àti Òfin ní Èbúté Lọ́ńdọ̀nù

Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí di òpin ìkejìdínlógún, èjìká ènìyàn ni ẹrù tó bá gba ojú òkun wọ Lọ́ńdọ̀nù fi ń dé orí ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá á dúró sí àárín odò Thames, ní ìsàlẹ̀ Afárá Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ á lọ pàdé wọn níbẹ̀, wọn á já ẹrù sínú wọn, wọn á sì wà á wá sí èbúté. Òfin kan tó jáde ní 1559, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́, là á kalẹ̀ pé èbúté tí ìjọba bá yàn nìkan ni ẹrù tó ní owó ibodè lórí lè gúnlẹ̀ sí, àti pé ojúmọmọ ni kí wọ́n máa já a. Irú èbúté bẹ́ẹ̀ 20 ló wà láàrin Afárá náà àti ilé olódi Tower. Ibi tóóró yìí ni wáìnì, iyọ̀, aṣọ, ẹja, àti nígbà tó yá, tábà àti ṣúgà, ń gbà wọ ìlú tó ń gbòòrò lójoojúmọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Àwọn alábàárù tó forúkọ sílẹ̀ ní báàjì tí wọ́n ń so mọ́ra, tó fi hàn pé ìjọba ìlú mọ̀ wọ́n. Àwọn atukọ̀ tó ń kó èrò sọdá ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí òfin 1555 gbé ró. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù pẹlẹbẹ dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1700. Àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ kankan tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ ni àwọn tó ń kó èédú nínú ọkọ̀ tó ti Newcastle dé, àti àwọn tó ń já ṣúgà nínú ọkọ̀ tó ti erékùṣù Karíbíánì dé. Wapping, Shadwell àti Rotherhithe ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, ní òpópó há-há tó kọjú sómi, níbi tí ilé ọtí ti fara kan ilé ọtí.

Ẹ̀sùn méjì ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń kà sí wọn lọ́rùn: ọtí àmujù àti ẹnu àìmọ́. Ohun tó lé ní 200 ọdún ni ìjọba fi ń ṣe òfin lórí méjèèjì. Ẹni tó mutí ni òfin wọ̀nyẹn sábà ń lé kiri ní gbogbo àsìkò náà, nígbà tí ẹni tó ń fi ọtí san owó iṣẹ́ jókòó sílé rẹ̀ láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Bíà kì í ṣe ohun fàájì nìkan láyé ìgbà yẹn. Oúnjẹ ni. Ọmọdé ń mu èyí tí kò le, àgbà ń mu èyí tó le, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ sì gbà pé kò sí bí òun ṣe lè gbé ẹrù láìsí i. Inú ọkọ̀ èédú ṣókùnkùn, ó gbóná, eruku dúdú ń lọ tààrà sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó di ṣọ́bìrì mú níbẹ̀ ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, bíà dúdú kan gbajúmọ̀ láàrin àwọn alábàárù ìlú náà débi pé orúkọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi sọ ọ́: porter. Orúkọ náà ṣì wà lára ìgò bíà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mu ún kò mọ̀ pé orúkọ ẹni tó ń ru ẹrù ni.

Ilé ọtí sì ju ibi ìmutí lọ. Kò sí ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ létí omi. Ẹni tó bá ń wáṣẹ́ á lọ jókòó sí ilé ọtí, torí ibẹ̀ ni ìròyìn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń ṣa ènìyàn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín owó nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá kàn jókòó níbẹ̀ láìra nǹkan kan, ojú onílé ọtí kò ní rí i nígbà tí iṣẹ́ bá yọ.

Òfin àkọ́kọ́ tó di ilé ọtí mú ṣinṣin jáde ní 1552, lábẹ́ Ọba Edward Kẹfà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta bíà mọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ àdúgbò méjì. Ní 1604, lábẹ́ Ọba James Kìíní, Ilé Aṣòfin tún sọ pé torí arìnrìn-àjò ni ilé ọtí fi wà, pé kì í ṣe fún ará àdúgbò tó kàn fẹ́ jókòó mutí. Wọ́n yọ̀ǹda wákàtí kan péré fún alágbàṣe, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Onílé ọtí tó bá jẹ́ kí wọ́n kọjá ibẹ̀ yóò san ṣílè 10.

Ní 1606 ni ìmutípara fúnra rẹ̀ wá di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìlú. Kó tó dìgbà náà, ilé ẹjọ́ ìjọ ló sábà máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú tó ti yó yóò san ṣílè 5. Bí kò bá ní i, wọn á há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àbà fún wákàtí 6. Pákó méjì ni àbà yìí, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, tí wọ́n sì gbé sí gbangba kí tẹrú-tọmọ lè rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn jókòó mutí nílé ọtí àdúgbò rẹ̀, bí kò tilẹ̀ yó, yóò san ṣílè 3 àti kọ́bọ̀ 4, tàbí kó lo wákàtí 4 nínú àbà. Bí wọ́n bá mú ọ̀mùtípara lẹ́ẹ̀kejì, yóò fi pọ́n-ùn 10 ṣe ìdúró pé ìwà òun yóò dára. Àwọn aláìní àdúgbò ni wọ́n ń pín owó ìtanràn náà fún.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú òfin yìí ka ìmutípara sí gbòǹgbò ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀: ìtàjẹ̀sílẹ̀, ìpànìyàn, àgbèrè, èpè. Ó tún fi kún un pé ó ń ba iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́, ó sì ń sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, torí òun ló fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Yàtọ̀ sí ọkàn ọ̀mùtí, apá rẹ̀ pẹ̀lú wà lára ohun tí àwọn aṣòfin ń rò. Ṣílè 5 nígbà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún alágbàṣe, nítorí náà ìjìyà kan náà tó wà nínú ìwé pín sí méjì lójú ayé: ọlọ́rọ̀ á sanwó, á máa lọ sílé rẹ̀, alábàárù á lọ jókòó sínú àbà, á sì pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣòro láti là kalẹ̀ ju ti ọtí lọ. Èébú, èpè àti ìbúra kì í ṣe ohun kan náà létí Yorùbá, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ àlùfànṣá, ìyẹn dídárúkọ ìhòòhò ara, kọ́ ni Ilé Aṣòfin ń lé. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí ènìyàn fi Ọlọ́run búra lórí ohun tí kò tó nǹkan, kí ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù tàbí ọgbẹ́ rẹ̀ búra nítorí pé okùn ja tàbí àgbá ṣubú, tàbí kí ó ṣẹ́ èpè fún ẹnìkejì pé kí Ọlọ́run sọ ọ́ sí iná ọ̀run àpáàdì. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ rírùn bú ènìyàn láìdárúkọ Ọlọ́run lè bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ẹni tó ń ṣe oríire tó sì fi Ọlọ́run búra pẹ̀lú ayọ̀ lè kó sínú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi mú un le bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì. Èkíní, wọ́n gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kì í fi irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí mọ sórí ẹni tó dá a, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni àjàkálẹ̀ àrùn, ìyàn àti ìjì yóò bá. Èkejì, ìbúra ni okùn tó so ìjọba pọ̀. Ẹlẹ́rìí ń búra nílé ẹjọ́, ọmọ ogun ń búra fún ọba, oníṣòwò ń búra níwájú aṣọ́bodè lórí iye ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí orúkọ Ọlọ́run bá di ohun tí wọ́n ń jù kiri létí omi láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ló kù tí ìbúra aṣọ́bodè fi máa ní agbára? Lójú ẹni tó ń gba owó ibodè fún ọba, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.

Òfin 1624 bu kọ́bọ̀ 12, ìyẹn ṣílè kan, lé èpè kọ̀ọ̀kan lórí. Ẹni tí kò bá lè san án yóò lo wákàtí 3 nínú àbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, ẹgba ni wọn á fi nà án. Nítorí pé wọ́n ń ka èpè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́rìí ní láti mọ iye tó gbọ́. Ẹni tí inú bí tó tú èpè 20 síta ní ìṣẹ́jú kan ti jẹ gbèsè ṣílè 20, ìyẹn pọ́n-ùn kan gbáko.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ́ orí Ọba Charles Kìíní, ìjọba tí kò ní ọba tó wà lórí àlééfà ṣe òfin mìíràn ní 1650, wọ́n sì fi yé gbogbo ayé pé ìka kò dọ́gba. Olóyè ńlá yóò san ṣílè 30 fún èpè àkọ́kọ́, báróònẹ́ẹ̀tì tàbí náìtì ṣílè 20, ẹni tó tẹ̀ lé wọn ṣílè 10, ọmọlúàbí tó rí jẹ ṣílè 6 àti kọ́bọ̀ 8, gbogbo ẹni tó kù ṣílè 3 àti kọ́bọ̀ 4. Ipò ọkọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ti ìyàwó. Ìlọ́po méjì ni fún ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí ọba padà dé, òfin yìí kú pẹ̀lú ìjọba tó ṣe é, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kò kú. Òfin 1694 mú ṣílè kan padà fún ìránṣẹ́, alágbàṣe ojúmọ́, ọmọ ogun lásán àti atukọ̀ lásán, ó sì bu ṣílè 2 lé gbogbo ẹni tó kù. Òfin 1745 wá fi ṣílè 5 sí i fún ọmọlúàbí àti ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin 1745 yìí ló le jù nínú gbogbo wọn. Kọ́nsítébù tó bá gbọ́ èpè lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ gbọ́dọ̀ mú un lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ìwé àṣẹ. Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń dá ẹjọ́ náà. Kò sí ìgbìmọ̀ adájọ́-ènìyàn 12, ẹnu ẹlẹ́rìí kan sì ti tó. Adájọ́ tó bá fọwọ́ hẹ ọ̀rọ̀ náà yóò san pọ́n-ùn 5, kọ́nsítébù tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san ṣílè 40. Àlùfáà gbọ́dọ̀ ka òfin náà sí etí ìjọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Alágbàṣe tí kò bá rí owó san, ọjọ́ 10 ni yóò lò nínú ilé ìbáwí, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Owó ojúmọ́ alágbàṣe ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn tó nǹkan bíi ṣílè 2, ìyẹn ni pé èpè kan gbé ìdajì ojúmọ́ lọ. Títí di 1967 ni òfin yìí wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ta ló ń mú àwọn ènìyàn? Kò sí ọlọ́pàá bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Kọ́nsítébù jẹ́ ará àdúgbò tí wọ́n yàn sípò fún ọdún kan, láìsanwó fún un, tó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Bí ọdún bá parí, aládùúgbò ni yóò tún jẹ́ fún àwọn tó ń mú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ wọ ilé ọtí Wapping lálẹ́ Sátidé láti ka èpè. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ń sùn, á kàn máa ta jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tàbí ogun bá dẹ́rù ba àwọn aláṣẹ.

Etí omi yìí gan-an ni wọ́n ti jí i. Ní nǹkan bíi 1690, àwọn onílé àti oníṣọ́ọ̀bù kan ní Tower Hamlets, àdúgbò tó yí Wapping àti Shadwell ká, kó ara wọn jọ láti gbógun ti ilé aṣẹ́wó àti ìwàkiwà ládùúgbò wọn. Ní oṣù Keje 1691, Ọbabìnrin Mary kọ lẹ́tà sí àwọn adájọ́ agbègbè Middlesex, níbi tí Wapping àti Shadwell wà, pé kí wọ́n mú òfin lórí ìwà ṣẹ. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Àtúnṣe Ìwà ti tàn dé gbogbo ìlú. Wọ́n tẹ ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún orúkọ, ọjọ́ àti iye èpè, wọ́n sì pín in fún àwọn olófòófó wọn; ìgbà tí olófòófó bá ti kọ ọ́ kún, á gbé e tọ adájọ́ lọ fún ìbọwọ́lùwé. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè má mọ ẹni tó gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi máa túká ní 1738, wọ́n ní àwọn ti gbé ohun tó ju 100,000 ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀.

Ẹ̀rí ọkàn ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe é, kò yẹ kí a fojú kéré ìyẹn. Àmọ́ àwọn tí ojú wọn ń rí lójú pópó ni wọ́n ń mú: alágbàṣe, atukọ̀, obìnrin tó ń tajà létí omi. Daniel Defoe, tó jẹ́ pé òun náà fẹ́ kí ìwà dára, kọ ìwé kan jáde ní 1698 tó pè ní The Poor Man's Plea. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé adájọ́ tó mutí yó lálẹ́ àná ló ń ju tálákà sínú àbà láàárọ̀ yìí fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, àti pé kò sí àtúnṣe tó lè dúró bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ òfin kan àwọn ẹni ńlá. Òtítọ́ ni, ó sì dùn ún débi pé kò fi bò.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà létí omi pàápàá gbìyànjú láti ṣọ́ ẹnu ara wọn. Àṣà kan wà lórí odò Thames láyé ìgbà náà pé bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, àwọn atukọ̀ àti èrò inú wọn á máa bú ara wọn ní ohùn rara. Joseph Addison kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Spectator ní 1712, nígbà tó sọ ìtàn ìrìn àjò Sir Roger de Coverley, ẹ̀dá ìtàn kan, lórí odò náà. Ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ fúnra wọn ti bu ṣílè 2 àti sísì lé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá sí èrò tàbí sí atukọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí òfin ìjọba fò sílẹ̀ ni wọ́n dí yìí, torí èrò tí etí rẹ̀ bá gbóná kò ní wọ ọkọ̀ wọn mọ́. Ní ti èbúté Billingsgate, níbi tí wọ́n ti ń já ẹja, ariwo àti èébú ibẹ̀ di òwe. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń lo orúkọ èbúté náà lédè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ rírùn, kí ẹni tó sọ ọ́ tilẹ̀ má dé ibẹ̀ rí.

Bí nǹkan ṣe rí ní èbúté àwọn oníṣòwò kọ́ ló rí ní ibi tí ọba ti ń kan ọkọ̀ ogun rẹ̀, ní Deptford, Woolwich, Chatham àti Portsmouth. Níbẹ̀, ògiri yí iṣẹ́ ká, agogo ló ń pe ènìyàn wọlé, akọ̀wé ló ń sàmì sí orúkọ wọn, aṣọ́nà sì wà lẹ́nu géètì. Aṣọ́nà yìí kan náà ni wọ́n fún láṣẹ láti máa ta bíà fún àwọn òṣìṣẹ́, bíà tí kò le, ní ìwọ̀n tí yóò fún wọn lágbára tí kò sì ní pa wọ́n. Wọ́n rò pé ó sàn kí bíà wà nínú ọgbà ju kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin máa jáde lọ wá a níta, kí wọ́n má sì padà. Ẹni tó ń ṣọ́ kí wọ́n má yó ló wá ń jèrè lórí ohun tí wọ́n mu. Samuel Pepys, tó di akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ogun ní 1660 tó sì máa ń bẹ ọgbà wọ̀nyí wò, mọ agbára ọtí lára òun fúnra rẹ̀: ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní mu wáìnì mọ́, ó sì ń fi owó sínú àpótí àwọn aláìní nígbàkigbà tó bá já ẹ̀jẹ́ náà. Òun ló bu ìtanràn fún ara rẹ̀, òun náà ló gbà á.

Lórí ọkọ̀ ogun, ìjìyà tún yàtọ̀. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi tẹ̀ jáde ní 1731 sọ pé atukọ̀ tó bá ṣépè, kí ọ̀gá ọkọ̀ fi igi kọ́ ọ lọ́rùn tàbí kó fi àmì ìtìjú mìíràn sí i lára fún ìgbà tó bá wù ú. Ọ̀gá tó bá ṣe ohun kan náà yóò san ṣílè kan, ọ̀gá kékeré yóò san sísì. Atukọ̀ tó bá yó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni títí ojú rẹ̀ yóò fi dá. Ọ̀gá tó bá yó, owó iṣẹ́ ọjọ́ 2 ni yóò pàdánù. Ìjọba kan náà ló ń fún wọn ní ọtí yìí lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1740, ní Jàmáíkà, Ọ̀gágun Edward Vernon pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi omi la ọtí róòmù tí wọ́n ń pín fún wọn kó tó dé ẹnu.

Nígbà tí ọtí líle tí wọ́n ń pè ní jíìnì gbòde, òfin 1606 dà bí ohun ìṣeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1726, àwọn adájọ́ Middlesex kà á pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù 6,187 ló ń ta ọtí líle ní agbègbè wọn, láìtíì ka àárín ìlú gan-an àti Southwark. Òfin 1736 ní kí ẹni tó bá fẹ́ tà á san pọ́n-ùn 50 lọ́dún fún ìwé àṣẹ. Ohun tó so ni pé wọ́n ń tà á ní ìkọ̀kọ̀, àwọn èrò sì ń lu olófòófó lójú pópó. Wọ́n pa á tì ní 1743. Òfin 1751, tó gbé owó orí ọtí sókè tó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn apọntí láti máa tà á ní wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́, ló tó mú nǹkan rọ̀.

Lára àwọn tó ń kó èédú ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Lọ́ńdọ̀nù kò lè se oúnjẹ láìsí èédú Newcastle, èédú náà kò sì lè kúrò nínú ọkọ̀ láìsí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilẹ̀ Ireland. Láàrin àwọn àti ọ̀gá ọkọ̀ ni agbaṣẹ́ṣe kan dúró, onílé ọtí sì ni agbaṣẹ́ṣe yìí sábà máa ń jẹ́. Òun ló ń kó wọn lọ sórí ọkọ̀, òun ló ń gba owó wọn. Yóò yọ owó ṣọ́bìrì tó fi yá wọn kúrò, yóò yọ owó ọtí tí wọ́n mu kúrò, àti ti èyí tí wọn kò mu ṣùgbọ́n tó ti kọ mọ́ wọn lọ́rùn, kó tó fún wọn ní ohun tó bá kù. Ẹni tí kò bá mutí nílé rẹ̀ kò ní rí iṣẹ́ lọ́la. Ọkùnrin kan lè kúrò nínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ tó le jù nílùú náà, kó dé ilé ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́, kí owó má sí lápò rẹ̀, kí ó sì ti yó. Bí kọ́nsítébù bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìtanràn ṣílè 5 tún dúró dè é.

Wọ́n bẹ Ilé Aṣòfin, Ilé Aṣòfin sì gbọ́. Òfin 1758 dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún wọn lábẹ́ olóyè ìlú tó ń ṣojú àdúgbò Billingsgate, William Beckford, kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ àti owó wọn níbẹ̀ láìgba ilé ọtí kọjá. Ọ́fíìsì náà á máa yọ ṣílè 2 nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú aláìsàn, opó àti ọmọ òrukàn. Èrò rere ni. Àmọ́ kò sí dandan nínú rẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kò túká, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ sì ṣì ń lò wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ní 1768, nígbà tí oúnjẹ wọ́n tí àwọn atukọ̀ àti ahunṣọ náà sì ń yanṣẹ́ lódì, àwọn akóèédú dá iṣẹ́ sílẹ̀. John Green, tó ń ṣojú ọ́fíìsì yẹn ní Shadwell, jẹ́ onílé ọtí fúnra rẹ̀. Ilé ọtí Roundabout ni tirẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kúrò lọ́wọ́ àwọn onílé ọtí tún já sí ilé ọtí. Green ń gbìyànjú láti fi ènìyàn mìíràn rọ́pò àwọn tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní òru ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, wọ́n yí ilé rẹ̀ ká, wọ́n yìnbọn, òun náà yìnbọn láti inú ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wọ́n gbé Green lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún náà, wọ́n so ọkùnrin akóèédú 7 rọ̀ ní pápá Sun Tavern, ní àdúgbò Shadwell tiwọn gan-an, kí aya àti ọmọ wọn lè rí i.

Ẹjọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa wọ́n ni pé wọ́n yìnbọn sí ènìyàn. Kò sí adájọ́ tó bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ń gba owó ọtí tí wọn kò mu.

Lẹ́yìn 30 ọdún, ọlọ́pàá gidi dé orí omi. Patrick Colquhoun, oníṣòwò Glasgow tó di adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti John Harriott, tó ti wa ọkọ̀ òkun rí, dá ọ́fíìsì ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Wapping ní ọjọ́ kejì oṣù Keje 1798. Àwọn oníṣòwò ṣúgà àti àwọn olóko Karíbíánì ló dá owó rẹ̀. Colquhoun ṣírò pé nínú òṣìṣẹ́ bíi 33,000 tó wà lórí odò náà, 11,000 ni kì í ṣe olóòótọ́. Ó tún rí ohun tí àwọn adájọ́ ṣáájú rẹ̀ kò fẹ́ rí: pé onílé ọtí ló ń gba àwọn tó ń já ṣúgà síṣẹ́, àti pé owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àfikún nínú àgbá ṣúgà. Nítorí náà ọ́fíìsì rẹ̀ ń forúkọ wọn sílẹ̀, ó ń san owó wọn fúnra rẹ̀, ó sì ń yẹ ara wọn wò bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọtí àti olè jíjà di ọ̀rọ̀ kan náà lábẹ́ rẹ̀. Èpè kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́.

Ṣúgà tí wọ́n ń ṣọ́ yìí, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló fi òógùn àti ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe é. Owó àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n fi gba ọlọ́pàá síṣẹ́ láti mú alágbàṣe tó bu ìwọ̀nba sápò. Kò yẹ kí ẹni tó ń kọ ìtàn ọlọ́pàá odò náà fò ó.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 1798, wọ́n bu ìtanràn ṣílè 40 lé akóèédú kan lórí nítorí èédú tó mú. Èrò ya bo ọ́fíìsì Wapping, wọ́n ń sọ òkúta lu fèrèsé. Ìbọn dún. Ọ̀kan lára àwọn akóèédú kú, Gabriel Franks, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọlọ́pàá, náà sì kú. Wọ́n pa ọkùnrin kan lórí ikú Franks. Ní 1800, ìjọba gba ọlọ́pàá náà sábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀, ọdún 2 lẹ́yìn náà sì ni èbúté olódi àkọ́kọ́ tó wà fún ṣúgà Karíbíánì ṣí ìlẹ̀kùn. Ògiri gíga gba iṣẹ́ tí àbà kò lè ṣe.

Ìyẹn kò kan àwọn akóèédú, torí àárín omi ni iṣẹ́ tiwọn ṣì wà. Ọwọ́ onílé ọtí ni wọ́n wà títí di 1843, nígbà tí Ilé Aṣòfin ṣe òfin tó dá ọ́fíìsì tuntun sílẹ̀ fún wọn, tó sì pàṣẹ pé ibẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti máa gbà wọ́n síṣẹ́ kí wọ́n sì ti máa sanwó fún wọn. Nígbà tí Henry Mayhew, akọ̀wé ìròyìn, lọ bá wọn ní 1849, wọ́n sọ fún un pé láyé àwọn onílé ọtí, ẹni tó bá mutí jù ló ń rí iṣẹ́ jù. Ó tún rí àwọn tó ń kó yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú ọkọ̀ òfìfo kí ó má baà dojú dé. Àwọn yẹn ṣì wà lábẹ́ àjàgà kan náà, ìyàwó wọn sì ń sunkún sọ ọ́ fún un. Ọ̀nà ṣí fún wọn ní 1853, nígbà tí òfin fi ọ̀rọ̀ wọn sábẹ́ Trinity House, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1883, lẹ́yìn ọdún 277 tí òfin 1606 ti ní kí wọ́n máa ju ọ̀mùtí tí kò lówó ìtanràn sínú àbà, Ilé Aṣòfin kà á léèwọ̀ pátápátá pé kí wọ́n san owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ilé ọtí.